Ta Ló Ni Caister? Sir John Paston àti Ogún Ìdílé Rẹ̀

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ bí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń jogún ilẹ̀ láyé àtijọ́. Bí mo bá ní kí n sọ ti gbogbo wọn, ilẹ̀ yóò ṣú wá síbí. Ìdílé kan ṣoṣo ni n ó mú, n ó sì dúró pẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan nínú wọn: Sir John Paston, ará Norfolk ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní ọdún 1442, tó sì kú ní 1479.

Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ akọni ni mo ṣe mú un. Àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin ìgbà náà pọ̀ lọ jàra, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò sì mọ nǹkan kan nípa wọn ju orúkọ àti ọjọ́ ikú lọ. Ti àwọn Paston yàtọ̀ nítorí pé wọn kì í da lẹ́tà nù. Lẹ́tà àti ìwé wọn tó kù di òní tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀n. Wọn kò tọ́jú wọn nítorí ìfẹ́ ìtàn. Ẹjọ́ ló mú wọn tọ́jú wọn. Nígbà tí bàbá Sir John kú, ìyá rẹ̀ kọ̀wé sí i pé kí ó pa gbogbo ìwé ilẹ̀ mọ́ dáadáa, torí pé nígbà tí ìdààmú bá bàbá rẹ̀, ìwé wọ̀nyẹn níyì lójú rẹ̀ ju gbogbo ẹrù ilé lọ. Ìwé tí wọ́n kó pamọ́ nítorí ọ̀tá ni àwa ń kà lónìí, òun ló sì jẹ́ kí n lè bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ra álímọ́ńdì, ẹni tó dógò ilẹ̀, àti ẹni tó ti ọmọ rẹ̀ mọ́ta.

Ìdílé yìí kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé kan wà tí àwọn ọ̀tá wọn kọ, tó sọ pé Clement Paston, tó bí bàbá àgbà Sir John, àgbẹ̀ lásán ni. Ilẹ̀ tó ń ro kò ju 100 sí 120 éékà lọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn tí kò lómìnira ń dáko sí. Wọ́n ní orí ẹṣin tí kò ní gàárì ló máa ń jókòó sí lọ sí ibi ìlọ̀kà, àpò ọkà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ìwé náà ní ọmọ ẹrú ni. Ẹ má rò pé èébú lásán nìyẹn. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, ohun tí ẹrú bá ní, ti olúwa rẹ̀ ni. Bí adájọ́ bá gbà pé ẹrú ni wọ́n láti orírun, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n fi owó wọn rà lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ ìwé náà mọ ohun tó ń wá.

Clement yáwó kí ọmọ rẹ̀ William lè lọ sí ilé ìwé. Arákùnrin ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ òfin, ràn wọ́n lọ́wọ́. William kẹ́kọ̀ọ́ òfin yanjú, nígbà tó sì di ọdún 1429 wọ́n fi í ṣe adájọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹjọ́ ńlá ọba ní Westminster. Owó tó rí nídìí òfin, ilẹ̀ ló fi rà: ó ra Gresham, ó ra Oxnead, ó sì ra àwọn mìíràn káàkiri Norfolk. Lọ́wọ́ ẹni tó ta Gresham, Thomas Chaucer, a lè tọpa ilẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹbí akéwì ńlá tó ń jẹ́ Chaucer, nítorí ọmọ akéwì náà ni Thomas. Èyí kò ṣe nǹkan kan fún ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí William Adájọ́ kú ní 1444, àkọ́bí rẹ̀, John, ẹni ọdún 22, ló di olórí ìdílé. Òun ni n ó máa pè ní John Bàbá, kí ó má bàa dàrú mọ́ ọmọ rẹ̀ lójú yín. Ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò hàn láìpẹ́, torí pé John Bàbá náà sọ méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní John. Èyí ẹ̀gbọ́n ni Sir John wa. Èyí àbúrò ni n ó máa pè ní John Àbúrò. Kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí ohun tí John Bàbá jogún gan-an, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í mú. A máa ń gbọ́ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀ lọ, àwọn àbúrò a sì máa wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ṣùgbọ́n opó wà ńbẹ̀. Nínú àṣà tiwa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, opó ní ẹ̀tọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ títí ọjọ́ ikú tirẹ̀, ó sì tún lè ní ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Oxnead jẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún Agnes, opó William Adájọ́. William sì tún ti fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré rí nǹkan mú, èyí tí John Bàbá kò gbà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìyá àti ọmọ. Agnes kò sì tètè kú: ọdún 35 ló gbé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, olórí ìdílé ń jẹ́ olórí, ìṣákọ́lẹ̀ ilẹ̀ tó dára jù ń lọ sọ́wọ́ ìyá àgbà.

Ní 1448, Lọ́ọ̀dù Moleyns, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ẹni lẹ́yìn ní ààfin, rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí Gresham, wọ́n gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ John Bàbá. Ó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ Margaret ló lọ jókòó sí ilé kan ní Gresham, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí kò bá sí ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀, ìwé yóò di ìwé lásán. Lẹ́tà tí Margaret kọ láti ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ó ní kí ọkọ òun ra àkàtàǹpó àti ọfà rẹ̀ ránṣẹ́, torí pé ilé náà rẹlẹ̀ débi pé ènìyàn kò lè ta ọrun gígùn nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí àwọn ọ̀tá ṣe ń di ilẹ̀kùn wọn, tí wọ́n sì ń lu ihò sára ògiri tí wọn yóò gbà yìnbọn. Lẹ́yìn náà, nínú lẹ́tà kan náà, ó ní kí ó bá òun ra álímọ́ńdì àti ṣúgà, pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, àti aṣọ tí òun yóò fi rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọ.

Ní oṣù kìíní kan lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ènìyàn Moleyns padà wá. John Bàbá sọ nínú ẹ̀sùn rẹ̀ sí ọba pé wọ́n tó ẹgbẹ̀rún. Wọ́n gbẹ́ ìdí ògiri yàrá tí Margaret wà, wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì kó ẹrù ilé lọ. Ọdún 1451 ni wọ́n tó rí Gresham gbà padà. Ẹ rántí pé kò sí àkókò kan tí ilé ẹjọ́ sọ pé Moleyns ló ni ilẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ dá ẹjọ́ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ti Caister. Ní ìtòsí òkun, nítòsí Great Yarmouth, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sir John Fastolf. Ó ti jagun ní ilẹ̀ Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó rí owó níbẹ̀ gan-an, ó sì padà wá sílé láti wá kọ́ ilé olódi tí ó fi bíríkì kọ́, èyí tó ná an ju 6000 pọ́n-ùn lọ. Òun náà ni Shakespeare yí orúkọ rẹ̀ po nígbà tó ṣe, tó fi ṣe Falstaff, ọ̀mùtí oníkùn ńlá tí ń sá fún ogun. Fastolf gidi kì í ṣe ẹni ẹ̀rín. Ó le, ó nífẹ̀ẹ́ owó, ó sì fẹ́ràn ẹjọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò bímọ fún un. John Bàbá, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ìbátan Fastolf, di lọ́yà rẹ̀, ó sì di ẹni tí bàbá àgbàlagbà náà gbọ́kàn lé.

Òfin kò gbà kí onílẹ̀ fi ìwé ìhágún pín ilẹ̀ nígbà náà. Bó ṣe ń kú ni ilẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àrólé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà kì í ṣàìrí ojú ọ̀nà. Ohun tí onílẹ̀ ń ṣe ni pé kí ó tó kú, a kó ilẹ̀ rẹ̀ lé àwọn ènìyàn tó gbẹ́kẹ̀ lé lọ́wọ́, wọn a máa di í mú fún un, bí ó bá sì kú wọn a ṣe é bó ṣe wí. Fastolf ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1459 ó kọ ìwé ìhágún tó yan ènìyàn mẹ́wàá láti bójú tó ogún rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, nígbà tó kù díẹ̀ kí ó mí èémí ìkẹyìn, John Bàbá ní Fastolf fi ẹnu yí gbogbo rẹ̀ padà: kí òun, John Paston, gba gbogbo ilẹ̀ tó wà ní Norfolk àti Suffolk, kí òun san 4000 máàkì (owó ìgbà náà ni, ọ̀kan rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn kan), kí òun sì dá ilé àdúrà kan sílẹ̀ ní Caister fún àwọn àlùfáà méje tí yóò máa gbàdúrà fún ọkàn Fastolf. Òun àti àlùfáà Fastolf kan, Thomas Howes, nìkan ni yóò sì mójú tó o. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Fastolf kú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá.

Ẹ̀yin ará, kí ni ẹ̀yin yóò sọ bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yín? Lọ́yà nìkan ló jókòó ti bàbá tó ń kú lọ, ó sì jáde wá pé òun ni bàbá kó ohun gbogbo fún. Àwọn kan lára àwọn mẹ́jọ tó kù nínú àwọn tí Fastolf ti yàn sọ̀rọ̀ bí ẹ̀yin náà yóò ṣe sọ ọ́. Adájọ́ Yelverton wà lára wọn. Kí Howes náà tó kú, ó ti yí padà, ó ní irọ́ ni ìwé ìhágún ẹnu náà. Àwọn onítàn kò fẹnu kò lórí rẹ̀ títí di òní. Èmi rò pé Fastolf fẹ́ kí John Paston ní Caister, torí lẹ́tà wọn fi hàn pé ó fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n mo rò pẹ̀lú pé John Paston fi kún ohun tí ó gbọ́.

Ìyókù ayé John Bàbá, Caister ló jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n Fleet ní Lọ́ńdọ̀n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1465, àwọn ènìyàn Dúùkù Suffolk, tó fẹ́ àbúrò ọba, wó ilé ìdílé Paston tó wà ní Hellesdon, wọ́n sì jí ẹrù kó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1466, John Bàbá kú ní Lọ́ńdọ̀n, kò tíì pé ẹni ọdún 45. Ìsìnkú rẹ̀ ní Bromholm pọ̀ débi pé wọ́n sanwó fún onígbàjámọ̀ kan tó lo ọjọ́ márùn-ún níbi tó ti ń fá orí àwọn mọ́ńkì, wọ́n sì sanwó fún ẹni tó yọ gíláàsì méjì lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì kí èéfín iná ògùṣọ̀ lè ráàyè jáde. Ìdílé tí wọ́n ń pè ní ọmọ ẹrú fẹ́ kí ayé rí wọn. Ní oṣù keje ọdún náà, ọba Edward Kẹrin kéde pé ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n láti ìgbà àwọn Norman. Ìtàn ìdílé tí wọ́n gbé wá síwájú ọba, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n hun ún ni. Kíkéde rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Báyìí ni Sir John ṣe jogún, ní ẹni ọdún 24. Ẹ wo ohun tó bá nílẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ń gba ìpín tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ti di opó, ó sì ní ilẹ̀ tirẹ̀ tó jogún lọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀ ní Mautby. Arákùnrin bàbá rẹ̀, William, ń wí pé ilẹ̀ kan jẹ́ tòun. Àwọn àbúrò wà tí wọn kò tíì dàgbà, àwọn obìnrin nínú wọn ń retí owó ìgbéyàwó. Caister wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ Caister náà sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọba ti fi í joyè Sir ní 1463. Bàbá rẹ̀ ti san owó ìtanràn nígbà kan kí wọ́n má bàa fi òun joyè náà, torí ìnáwó rẹ̀. Sir John fẹ́ràn ìnáwó. Ní 1467 ó wà ní ẹgbẹ́ ọba nínú ìdíje ajagun ẹlẹ́ṣin ní Eltham, ó sì fi ọwọ́ ṣèṣe. Ní 1468 òun àti John Àbúrò lọ sí Bruges fún ìgbéyàwó Margaret, àbúrò ọba, pẹ̀lú Dúùkù Burgundy. Àbúrò náà kọ̀wé sílé pé kò sí ààfin tó dàbí rẹ̀ àfi ti ọba Arthur. Sir John fẹ́ràn ìwé. Ó sanwó fún akọ̀wé kan tó ń jẹ́ William Ebesham kí ó fi ọwọ́ da ìwé ńlá kan kọ fún un lórí oyè, ìjà àti àṣà àwọn ajagun. Nínú àkọsílẹ̀ ìwé rẹ̀, a rí i pé ó ní ìwé kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ìwé lórí eré ṣẹ́ẹ̀sì, láàrin àwọn ọdún àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè ra ìwé títẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àfẹ́sọ́nà, Anne Haute, ìbátan ayaba. Wọn kò fẹ́ra, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí wọ́n tó tú àdéhùn náà. Obìnrin mìíràn bí ọmọbìnrin kan fún un, Constance.

Nítorí gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ onítàn kọ Sir John sílẹ̀ bí aláfẹ́ tó fi ogún bàbá rẹ̀ ṣeré. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi ilẹ̀ Sporle dógò, Margaret bínú gidigidi. Nígbà tí ọdún gorí ọdún tí kò sí òkúta lórí ibojì bàbá rẹ̀, ó kọ̀wé pé ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú ìdájọ́ náà tán, ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Ní oṣù kẹwàá 1468, Yelverton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta Caister fún Dúùkù Norfolk ní 500 máàkì. Ilé tí kíkọ́ rẹ̀ ju 6000 pọ́n-ùn lọ! Ohun tí Dúùkù rà kì í ṣe ilé, ìjà ló rà, ó sì mọ̀ pé òun lágbára láti jà á. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Earl ti Warwick mú ọba Edward sí àhámọ́, kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún Dúùkù mọ́, ó sì lo àǹfààní ìgbà náà. Ní oṣù kẹjọ 1469 ó sàga ti Caister. Ìwé ìtàn ìgbà náà kan pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 3000. Inú odi, nǹkan bí 30 ènìyàn ló wà, John Àbúrò ni olórí wọn. Ó tó ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tàbí márùndínlọ́gbọ̀n nígbà náà.

Sir John wà ní Lọ́ńdọ̀n, ó ń lọ láti ilé olóyè kan dé òmíràn, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá sí i. Margaret kọ̀wé sí i ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án: àbúrò rẹ wà nínú ewu, oúnjẹ ń tán, ẹ̀tù àti ọfà ń tán, àgbá ti wó ilé náà. Lẹ́tà yẹn gbóná. Sir John fèsì pé òun ń ṣe ohun tí òun lè ṣe, pé àwọn ọlọ́lá ń bá òun sọ̀rọ̀ ìdáwọ́dúró ìjà. Ẹnì kan kú nínú àwọn tí wọ́n ṣọ́ odi náà, ìránṣẹ́ wọn Daubeney, tí ọfà àkàtàǹpó pa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, John Àbúrò jọ̀wọ́ Caister. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n jáde láàyè pẹ̀lú ẹṣin àti ẹrù wọn, wọ́n gba ìbọn àti àkàtàǹpó lọ́wọ́ wọn.

Nínú oṣù kan náà, àbúrò Sir John, Margery, sọ fún bíṣọ́ọ̀bù Norwich pé òun ti bá Richard Calle ṣe ìgbéyàwó. Calle ni ọmọ iṣẹ́ wọn, ẹni tí ń bójú tó oko tí ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn. Bíṣọ́ọ̀bù bi í léèrè ohun tó sọ fún ọkùnrin náà gan-an, Margery tún un sọ, ó ní bí ìyẹn kò bá tó láti dè òun, òun yóò fi òmíràn dè é kí òun tó kúrò níbẹ̀. Margaret ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n sàga ti Caister níhìn-ín, ilé ń dàrú lọ́hùn-ún, ìyá kan ṣoṣo ló ń kọ lẹ́tà nípa méjèèjì. Calle sì tún ń bá wọn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, nítorí pé òun nìkan ló mọ ibi tí gbogbo ilẹ̀ wọn wà. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ní 1482, Margaret fi 20 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ọmọ tí Margery bí fún Calle.

Nígbà tí ọba Henry Kẹfà, tó ń bá Edward du oyè, padà sórí oyè ní 1470, àwọn Paston rí Caister gbà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi jà fún Henry ní Barnet ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1471. Wọ́n pàdánù. Ọfà bá John Àbúrò ní apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ìgúnpá. Sir John kọ̀wé sí ìyá wọn pé kí ó má bẹ̀rù, òun wà láàyè. Kí oṣù kẹfà tó parí, Dúùkù Norfolk ti tún gba Caister. Ọba Edward dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n kò dá ilé padà.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fojú yẹpẹrẹ wò. Ẹni tó ń ṣàfẹ́ lè ti gba owó díẹ̀ kí ó sì gbàgbé. Sir John lọ ṣiṣẹ́ ogun ní Calais lábẹ́ Lọ́ọ̀dù Hastings, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọba, kò sì yé bẹ̀bẹ̀, kò yé kọ̀wé, kò yé rán ènìyàn sí Dúùkù àti ìyàwó Dúùkù. Ó ti bá Waynflete, bíṣọ́ọ̀bù Winchester, parí ẹjọ́ ogún Fastolf ní 1470: púpọ̀ nínú ilẹ̀ Fastolf lọ sọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, ilé àdúrà tí wọ́n ní kí wọ́n dá sílẹ̀ ní Caister yí padà di ìtọ́jú àlùfáà àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Magdalen College, Oxford, ẹ̀tọ́ sí Caister sì kù fún Paston. Bàbá rẹ̀ kò ní gba èyí láéláé. Bàbá náà ń fẹ́ gbogbo rẹ̀, kò sì rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kí òun jẹ́ kó lọ.

Ní oṣù kìíní 1476, Sir John wà ní Framlingham, ilé Dúùkù Norfolk, ní alẹ́ tí Dúùkù kú lójijì. Dúùkù kò ní ọmọkùnrin, ọmọbìnrin kékeré kan ló fi sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Sir John ti rán ènìyàn sí Caister láti gba ilé. Àwọn ènìyàn Dúùkù ní ìwà àìlójútì ni, òkú ṣì wà nílẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tó ti dúró ọdún méje. Ọ̀ràn náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ọba, nígbà tó sì di àárín ọdún náà, Caister ti padà di tirẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ló fi jẹ ẹ́. Ní 1479 àjàkálẹ̀ àrùn jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agnes, ìyá àgbà wọn, kú ní oṣù kẹjọ. Walter, àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní Oxford ní oṣù kẹfà, kú ní oṣù kan náà. Ní oṣù kọkànlá Sir John kú ní Lọ́ńdọ̀n, ẹni ọdún 37, kò ní àrólé tí òfin mọ̀, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn White Friars níbẹ̀. Ogún náà lọ sọ́dọ̀ John Àbúrò, ẹni tó ti ṣọ́ odi náà tí ó sì gba ọfà nítorí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ Margery Brews ló kọ lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ju gbogbo èyí tí mo sọ lọ, lẹ́tà Valentine ti oṣù kejì 1477, èyí tí a mọ̀ pé ó pẹ́ jù lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi John Àbúrò náà joyè Sir ní 1487, ó kú ní 1504.

Ohun kan kù tó kan àwa gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹni tó ń kú, irú èyí tí John Bàbá gbé dé, ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbìyànjú láti pa lẹ́nu mọ́. Ní 1540 òfin gbà kí ènìyàn fi ìwé pín ilẹ̀. Ní 1837, òfin ìhágún sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, kí ẹni tó ṣe é bu ọwọ́ lù ú, kí ẹlẹ́rìí méjì sì bu ọwọ́ lù ú. Òfin náà wọ Nàìjíríà pẹ̀lú ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìpínlẹ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn sì gbé òfin ìhágún tiwọn kalẹ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìdè pé ìwé náà kò gbọ́dọ̀ borí ohun tí àṣà ìdílé bá sọ. Ẹni tó bá jókòó ní ilé ẹjọ́ wa lónìí, tó ń gbọ́ bí àwọn lọ́yà ṣe ń bá ẹlẹ́rìí fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó wà nínú yàrá nígbà tí bàbá buwọ́ lùwé, inú ẹjọ́ Caister ló ṣì wà.

Ní ọ̀rọ̀ ti Sir John, ìdájọ́ tèmi rèé. Bàbá rẹ̀ mú ìwé dání, ìyá rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀, àbúrò rẹ̀ ṣọ́ odi. Òun ló wá ẹni tí yóò dúró lẹ́yìn wọn, láìsí ìyẹn, ìwé, ìjókòó àti odi kò tó. Ó ná owó tí kò yẹ kí ó ná, ó sì pẹ́ kí ó tó ṣe ohun tó yẹ fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló gba Caister padà, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ìdílé náà tí ì bá lè gbà á.

Àwọn àrọ́mọdọ́mọ ìdílé náà di ọlọ́rọ̀ gidi. Wọ́n di Earl ti Yarmouth ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, gbèsè sì mú wọn ta Caister ní ọ̀rúndún kan náà. Earl kejì kú ní 1732 nínú gbèsè, kò sí ọmọkùnrin tó kù láti jogún, ìdílé náà parí. Ilé ìṣọ́ Caister, tó ga tó nǹkan bí 90 ẹsẹ̀ bàtà, ṣì dúró, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ han àwọn àlejò nítòsí rẹ̀. Ìwé Fastolf lórí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Magdalen College títí di òní.